Ìlà Òfìfo

Bàbá Fápọ̀hùndà tún pè mí ní kùtùkùtù,
akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì n'Ìkọ̀lé:
"Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ yìí ò mojú èèyàn.
Mo kọ orúkọ, mo kọ ọ̀rọ̀ aṣínà,
ó ní kí n wọlé, mo wọlé.
Mo ní kí n wo owó tí mo dá,
ó ní, Ta ni yín?
Nínú ulé tí èmi náà dá owó bíríkì rẹ̀!"

Mo gbé kọ̀m̀pútà lé tábìlì ìránṣọ ìyá mi.
Lẹ́yìn fèrèsé, kòkó tí wọ́n sá ń rùn bí ọtí.

Kúkì ni mò ń wá.
Kì í ṣe èyí tí Fẹ̀hìntọlá àbúrò mi ń rún mọ́ mi létí,
tó ń da èérún rẹ̀ sáàárín bọ́tìnnì.
Èyí tí mò ń wí kò tó ọkà bàbà:
ọ̀rọ̀ ṣókí tí sáfà fi lé bíráúsà lọ́wọ́
pé, "Mú un dání. Bí o bá padà wá,
fi hàn mí, kí n lè mọ̀ pé ìwọ náà ni."
Sáfà ò ní iyè. Gbogbo ìgbà tó bá rí ọ
ni ìgbà àkọ́kọ́.
Ohun tó fi ń mọ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ ló wà.

Mo ṣí àpótí bíráúsà, ó ṣófo.
Mo yẹ orúkọ kúkì wò, ó pé.
Mo ní bóyá aago sáfà ló sáré,
tí ọjọ́ ikú kúkì fi kọjá kí wọ́n tó bí i;
aago ò sáré.
Mo ní bóyá yàrá ìwọlé nìkan ni mo yà á sí,
tí kò láṣẹ láti rìn dé yàrá owó;
mo fún un ní gbogbo ilé, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé,
síbẹ̀, Ta ni yín?
Mo bú ilé-iṣẹ́ tó yá wa ní sáfà.
Mo bú iná. Mo bú Bàbá Fápọ̀hùndà díẹ̀, nínú ọkàn.

Fẹ̀hìntọlá ló béèrè, ẹnu rẹ̀ kún:
"Kí ló dé tí kóòdù yìí ò bẹ̀rẹ̀ láti òkè?"

Mo wò ó.
Ìlà kìíní, òfìfo.
Kò sí lẹ́tà, kò sí àmì, funfun lásán
lókè ibi tí iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ l'Adó,
ìyá mi a máa fi iṣu rán awakọ̀ sí mi láti gáréèjì,
lẹ́tà a sì ti wà lápò awakọ̀ kó tó ṣáná sọ́kọ̀.
Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà ṣẹ́ kù sílé. Kó tó sáré padà dé,
ọkọ̀ ti kọjá Ọ̀yẹ́.
Iṣu tẹ̀ mí lọ́wọ́. Owó inú lẹ́tà ò dé.
Bẹ́ẹ̀ ni kúkì: iwájú ẹrù ló ń lọ.
Bí kín-ín-kínní ojú ewé bá ti jáde, ìbáà ṣe àlàfo lásán,
ọkọ̀ ti gbéra nìyẹn, pariwo títí.

Ta ló fi ìlà náà síbẹ̀?
Èmi ni. Òru ọjọ́ Ẹtì tí iná lọ,
tí mo sùn lọ lórí bọ́tìnnì,
iwájú orí mi ló kọ ọ́.
Nínú gbogbo ohun tí mo kọ lóṣù yẹn,
òun nìkan ni kò ní àṣìkọ.

Mo pa á rẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá pè. Mo gbọ́ tó ń dá ojú ẹ̀rọ lóhùn:
"Ẹ kúulé o."
Lẹ́yìn náà ló bi mí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀:
"Ọjọ́ mélòó ni yóò fi rántí mi?"
"Ọgbọ̀n ọjọ́, sà."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ó kúkú ṣe é. Ọmọ mi tó wà l'Ọsirélíà,
oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni tirẹ̀."

Mo padà sídìí kóòdù, mo wo ọgbọ̀n náà títí.
Mo sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún.
Kí n tó pa á dé, mo tún yọjú sí ìlà kìíní.